Régúlétọ̀ àtijọ́ kì í ṣe pàǹtírí, àmọ́ "ó ṣì ń fẹ́" ò tó

Ẹ lọ sí ilé ìdáná yín, kẹ́ ẹ wo orí sílíńdà gáàsì. Nǹkan ribiti tí họ́ọ̀sì so mọ́ yẹn, tí gbogbo wa ń pè ní régúlétọ̀, ó ní mọ̀lẹ́bí kan tó máa ń wọ inú òkun. Régúlétọ̀ àwọn amòòkùn ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ń gbé sẹ́nu kí wọ́n lè máa mí lábẹ́ omi. Àwọn àtijọ́ ẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ṣì pọ̀ káàkiri ayé, ẹ lè rí ọ̀kan nínú ẹrù tòkunbọ̀ tí wọ́n dà sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ níbí pàápàá.

Èrò méjì ni mo máa ń gbọ́ nípa irú nǹkan báyìí. Àwọn kan ní ohun tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kí wọ́n yọ́ idẹ ara ẹ̀ tà, ó tán. Àwọn kejì á fẹnu sí i, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á ní, "Ó ṣì ń fẹ́ nísìn-ín, kí ló tún kù?" Mi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, àwọn kejì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, torí pé àwa là ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jù. Jẹnẹrétọ̀ tó bá ti tàn ti dáa. Mọ́tò tó bá ti gbéra ti dáa. Nǹkan tí èèyàn máa fi mí ò sí nínú irú ìṣirò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà amòòkùn tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi 200 bar. Bar kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye agbára tí afẹ́fẹ́ tó yí wa ká fi ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ bá a ṣe dúró sí Ìyànà-Ìbà yìí. Táyà mọ́tò kékeré ò ju bíi 2 bar àbọ̀ lọ. Torí náà kò sẹ́ni tó lè gbé ẹnu lé 200 bar kó má ba ara ẹ̀ jẹ́. Régúlétọ̀ ló ń dín in kù, ìpele méjì ló sì fi ń ṣe é. Ìpele àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n dè mọ́ sílíńdà, á sọ 200 di nǹkan bíi 9 tàbí 10 bar lórí iye tí omi fi ń tẹ amòòkùn náà. Ìpele kejì ló wà lẹ́nu. Inú ẹ̀ ni awọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà. Bí onítọ̀hún bá fa èémí, awọ yẹn á wọ inú, á tẹ ọ̀pá kékeré kan, ọ̀pá á ṣí fáàfù, afẹ́fẹ́ á wọlé. Bó bá dáwọ́ fífà dúró, sípíríńgì á ti fáàfù padà. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Kò sí bátìrì, kò sí kọ̀ǹpútà.

Ìdí tí kò fi lè ṣàṣìṣe ni pé omi ń tẹ èèyàn. Mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá wọ ìsàlẹ̀, bar kan ló ń kún un. Ní mítà 30, ó ti di bar 4. Régúlétọ̀ gbọ́dọ̀ fún amòòkùn ní afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àyà ò ní lè gbòòrò. Bí régúlétọ̀ bá wá dẹ́kun iṣẹ́ lójijì, ẹ̀rù á ba onítọ̀hún, á di èémí mú, á sáré gòkè. Ibẹ̀ ni ikú wà. Afẹ́fẹ́ tó kún ẹ̀dọ̀fóró ní mítà 10 máa fẹ́ wú di ìlọ́po méjì kó tó dé ojú omi. Robert Boyle ti tẹ òfin yẹn jáde láti 1662. Ẹ̀dọ̀fóró ò ní àyè fún un, ṣe ló máa ya. Bí régúlétọ̀ ilé ìdáná bá dákẹ́, àkàrà ò ní jinná, ẹ ó lọ ra búrẹ́dì. Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n lóòótọ́, ìtàn wọn sì dùn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí Jámánì gba ilẹ̀ Faransé, epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì tí wọ́n rí látara igi àti èédú wa mọ́tò. Ẹnjiníà kan wà ní iléeṣẹ́ Air Liquide tó ń jẹ́ Émile Gagnan, òun ló ṣe régúlétọ̀ kan tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní iye gáàsì tó bá fà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò dín. Jacques Cousteau, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Faransé, ń wá ohun tó máa fún òun náà ní iye afẹ́fẹ́ tóun bá fà. Àwọn méjèèjì pàdé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wọ mọ́tò tó ń lo CNG látìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa? Ọ̀wọ́n epo ló bí ohun tí gbogbo amòòkùn ayé ń lò.

Nígbà tí Cousteau kọ́kọ́ dán an wò nínú odò Marne, kò lọ dáadáa. Tó bá dúró ṣánṣán, afẹ́fẹ́ ń ya jáde, ó ń ṣòfò. Tó bá dorí kodò, èémí á nira. Ohun tó fà á ni pé ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde àti ibi tí awọ rọ́bà wà ò sí lójú kan náà, omi tó ń tẹ ọ̀kan ju omi tó ń tẹ èkejì lọ, ìyàtọ̀ ìwọ̀nba sẹ̀ńtímítà péré. Wọ́n gbé méjèèjì súnmọ́ ara wọn, ó bá tán. Ọdún 1943 nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àkọ́kọ́ fi ní họ́ọ̀sì méjì tó ń gba ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì kọjá: ọ̀kan ń gbé afẹ́fẹ́ bọ̀ lẹ́nu, èkejì ń gbé èyí téèyàn mí síta padà sí ẹ̀yìn. Ní 1952, Ted Eldred ní Melbourne, ní Ọsirélíà, gbé Porpoise jáde, tó jẹ́ họ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Ọ̀nà Eldred yìí ni ti òde òní ń tọ̀, àmọ́ Cousteau ló gba òkìkí. Ayé ti rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Èyí tó mú mi kọ nǹkan yìí, mo rí i nínú ọpọ́n kan ní itòsí Alaba Rago, láàárín orí gáàsì, ẹnu ẹ̀rọ omi àti oríṣiríṣi fáàfù tó ti dógùn-ún. Họ́ọ̀sì kan ló ní, idẹ tí wọ́n fi króòmù bò. Ẹni tó ń tà á rò pé ti àwọn tó ń jó irin ni. Mo gbé e lọ bá bàbá kan ní Ìyànà-Ìbà tó ń tún sítóófù gáàsì ṣe, torí mo fẹ́ mọ ohun tó máa sọ.

"Ọmọ mi, níbo lo ti rí eléyìí?"

"Ọjà ni, Bàbá. Ti àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀ òkun ni."

Kò rí irú ẹ̀ rí. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tó ti tú u palẹ̀ sórí bébà, tó sì ń fi ìka tọ́ka: ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nìyí, ibi tó ti ń dí nìyí, sípíríńgì yìí ló ń sọ iye tó máa jáde, rọ́bà ló ti kú. Gbogbo ẹ̀ ló tọ̀nà. Mo ti rí àwọn tó ka físíìsì lọ́dún mẹ́rin tí wọn ò ní lè tọ́ka bẹ́ẹ̀. Ó wá ní òun á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, òun á kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí i, òun á sì gé rọ́bà inú táyà ọ̀kadà fi dípò awọ tó ti ya. Ó ní á ṣiṣẹ́.

"Bàbá, tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ṣé ẹ lè gbé e sẹ́nu kẹ́ ẹ fi wọ omi?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹja ni mí ni?"

Ẹ jẹ́ ká yẹ nǹkan mẹ́ta tó sọ wò, torí ọ̀kan dáa, méjì lè pa èèyàn.

Ọṣẹ dáa. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo láyé. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á ki àwọn irin ẹ̀ bọ inú fínígà funfun tí wọ́n fi omi là, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí iyọ̀ òkun tó ti gan mọ́ ọn àti ewéko idẹ aláwọ̀ ewé yẹn lè ṣí. Bó bá pẹ́ jù nínú ẹ̀, fínígà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ króòmù. Wọ́n á fi omi tó mọ́ ṣan án, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ gan-an ni wọ́n á ti wo sẹ́ẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ìpele àkọ́kọ́. Mo fẹ́ràn sẹ́ẹ́ yìí gan-an, torí pé ó máa ń rojọ́. Bó bá ní àwọ̀ ewé, omi òkun ti wọnú ẹ̀ rí. Bó bá pọ́n bí ilẹ̀ Ìbà, sílíńdà irin tí wọ́n so ó mọ́ ti dípẹtà nínú. Bó bá dúdú, kọ́mpírẹ́sọ̀ tó rọ afẹ́fẹ́ yẹn ń da ọ́ìlì tàbí èéfín pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá kàn sáré sọ sẹ́ẹ́ yẹn nù láìwò ó ti sọ ìtàn àìsàn nù.

Ọ́ìlì ò dáa rárá. Àkọ́kọ́, ohun tẹ́ ẹ bá fi sínú régúlétọ̀, ẹ̀dọ̀fóró yín ló ń lọ. Ọ́ìlì tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dá irú òtútù àyà kan sílẹ̀ tí oògùn kòkòrò ò ràn. Ìkejì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń mú àwọn rọ́bà kan wú, kí wọ́n sì rà. Ìkẹta ló burú jù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, ẹ gbọ́ o: bó bá jẹ́ ọ́síjìn ló wà nínú sílíńdà dípò afẹ́fẹ́ lásán, ọ́ìlì díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè gbiná fúnra ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí sílíńdà. Gáàsì tó sáré fún pọ̀ lójú ẹsẹ̀ máa ń gbóná gan-an, ọ́síjìn tó tẹ̀ dáadáa ò sì wá iṣáná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gíríìsì sílíkónì ni wọ́n ń lò fún ti afẹ́fẹ́, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́, kí òrùka rọ́bà kàn máa dán. Ibi tí rọ́bà fúnra ẹ̀ bá ti jẹ́ sílíkónì, wọn kì í fi gíríìsì sílíkónì pa á, torí á mu ún, á wú. Ti ọ́síjìn ní gíríìsì tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Rọ́bà táyà wá ńkọ́? Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀.

Ohun tó ń dàgbà nínú régúlétọ̀, rọ́bà ni. Idẹ tí wọ́n bò ní króòmù lè lo àádọ́ta ọdún kí ohunkóhun má ṣe é, bí wọ́n bá ń fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án. Ṣùgbọ́n rọ́bà jẹ́ okùn gígùngígùn tó lọ́ mọ́ra. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ àti ósóònù ń gé okùn wọ̀nyẹn lójoojúmọ́, oòrùn àti ooru Èkó ń bá wọn kún un. Àwọn kan á le gbagidi, á máa là. Àwọn kan á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí àtè. Régúlétọ̀ tí ò kúrò nínú páálí láti 1975 lè ní irin tó ń dán bíi tuntun, kí rọ́bà inú ẹ̀ sì ti kú pátápátá. Ìdí nìyí tí mo fi ní àwọn tó ń pè é ní pàǹtírí ò rí òótọ́: ohun tó kú nínú ẹ̀ ló rọrùn jù láti pààrọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fẹ́ràn régúlétọ̀ họ́ọ̀sì méjì ti ń fi sílíkónì ṣe awọ àti họ́ọ̀sì tuntun fún èyí tí wọ́n ṣe kí bàbá mi tó wọ iléèwé, wọ́n sì ń wọ omi pẹ̀lú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó dúdú kọ́ ni rọ́bà kan náà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara jẹnẹrétọ̀ lójú ọ̀nà Okokomaiko, ẹ ní ẹ fẹ́ òrùka rọ́bà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní O-ring. Wọ́n á fi ojú wọn ìka, wọ́n á fà á yọ nínú ike, ó máa wọlé. Kí wá ni orúkọ rọ́bà ẹ̀? Nitrile ni? EPDM ni? Viton ni? Dúdú ni gbogbo wọn. EPDM ò fẹ́ rí ọ́ìlì sójú. Nitrile fara da ọ́ìlì, àmọ́ ósóònù ń là á. Ojú ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, Bàbá ò lè mọ̀ ọ́n, èmi náà ò lè mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ òfurufú Challenger tó fọ́ sójú ọ̀run ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní 1986, tí èèyàn méje kú sínú ẹ̀, irú òrùka yìí ni. Òtútù ti mú kó le, kò tètè padà sáyè, gáàsì gbígbóná gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Richard Feynman kan ki ègé rẹ̀ bọ omi dídì níwájú àwọn aṣèwádìí ni, gbogbo ayé lóye. Rọ́bà táyà ọ̀kadà nípọn ju awọ tó yẹ lọ, kò ní tètè wọ inú bí èèyàn bá fa èémí. Lórí tábìlì, á ṣiṣẹ́. Ní mítà 20, fún ẹni tó ti rẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di ẹrù.

Irin náà ò sì bọ́ o. Ẹnu fáàfù inú ìpele àkọ́kọ́ rí bí etí abọ́ kékeré kan tó mú, orí etí yẹn ni ìjókòó ike tàbí rọ́bà ń jókòó lé láti dí 200 bar. Bí etí yẹn bá há díẹ̀, há tí ojú lásán ò lè rí, afẹ́fẹ́ á máa jò gbabẹ̀. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ni wọ́n fi ń wò ó. Bó bá ti bàjẹ́, tí wọn ò sì ṣe ẹ̀yà yẹn mọ́, ẹ gbé régúlétọ̀ yẹn kọ́ sára ògiri, ó lẹ́wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ la lè gbà là, ẹni tó bá sọ pé kò sí èyí tóun ò lè tún ṣe, ẹ sá fún un.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé iṣẹ́ ti dáa? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, géèjì sì ni ojú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á so géèjì mọ́ ibi tí ìpele àkọ́kọ́ ti ń tú afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á ṣí sílíńdà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ fò dé iye tó yẹ, bíi 9 bar àbọ̀, kó sì dúró sójú kan gbọin. Bó bá dúró, tó wá tún rọra ń gòkè, 9 àbọ̀, 10, 10 àbọ̀, fáàfù ò dí dáadáa nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá gbé irú ẹ̀ sẹ́nu ní ìṣẹ́jú yẹn, á fẹ́. Kò ní ariwo, kò ní òórùn. Ìpele kejì á gba ìyà ẹ̀ títí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da afẹ́fẹ́ nù nígbà tí ẹ ò rò ó, bóyá lábẹ́ omi. Géèjì nìkan ló rí i. Ìdí nìyí tí "ó ṣì ń fẹ́" fi jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n.

Ìpele kejì náà ní ìwọ̀n tiẹ̀, èyí ni mo sì gbádùn jù torí pé ohun tí a ń lò ní lábù la lè fi ṣe é. Ẹ gba ọ̀pá ike tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sára aláìsàn, ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U, ẹ bu omi sí i, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ so apá kan mọ́ ẹnu régúlétọ̀, kẹ́ ẹ rọra fà á. Omi á yàtọ̀ sí ara wọn lápá méjèèjì. Iye sẹ̀ńtímítà tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, òun ni iye wàhálà tí èémí kan ń ná yín. Bíi sẹ̀ńtímítà 2 àbọ̀ sí 4 ló dáa. Ìyẹn kéré ju agbára tẹ́ ẹ fi ń fa zobo gba inú sítíróò lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa rẹ̀ lábẹ́ omi. Bó bá kéré jù, á máa jò fúnra ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe régúlétọ̀ kì í ta ẹ̀yà inú ẹ̀ fún ẹni tí wọn ò bá fún ní ìwé àṣẹ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Mo gbà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó náà ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Púpọ̀ nínú òrùka rọ́bà yẹn ló ní ìwọ̀n tí gbogbo iléeṣẹ́ ayé jọ ń lò, ẹni tó bá lè wọn nǹkan lè rà á níbòmíì. Vance Harlow sì ti kọ odindi ìwé lórí bí èèyàn ṣe lè tún régúlétọ̀ ṣe fúnra ẹ̀. Tèmi ni pé ìwé àṣẹ láìsí géèjì, ìwé lásán ni. Ọwọ́ tó dán láìsí géèjì, oríire ni. Ẹni tó ní géèjì, tó mọ̀ ọ́n kà, tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ lọ́jọ́ tó rí i, ẹni yẹn ni mo lè gbé régúlétọ̀ mi fún, bó jẹ́ Londonu ló wà tàbí lábẹ́ afárá.

Ohun kan tún wà tí àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ kì í fẹ́ ká sọ. Bí ẹ bá tún régúlétọ̀ 1960 ṣe títí kó péye, ti 1960 náà ló ṣì jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ibi tí ẹ lè so géèjì tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù fún yín mọ́. Láyé ìgbà yẹn, èémí á ṣàdédé nira ni, amòòkùn á na ọwọ́ sẹ́yìn, á fa ọ̀pá kan kí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ ìgbẹ̀yìn lè tú sílẹ̀, á sì yáa máa gòkè bọ̀. Bí ọ̀pá yẹn bá ti kọ́kọ́ há mọ́ nǹkan tó sì ti fà sílẹ̀, ó tán nìyẹn. Kò tún sí ẹnu kejì tí ẹnìkejì lè gbà mí bí tiẹ̀ bá dákẹ́, èyí tó wà lára gbogbo ti òde òní. Kí èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wọ omi.

Ẹnì kan á ní, "Kí ló kàn wá níbí? Mélòó nínú wa ló ń mòòkùn?" Ó kàn wá. Àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó ń mòòkùn lójoojúmọ́, korobá lọ́wọ́, èémí tí wọ́n dì mú ni gbogbo irinṣẹ́ wọn. Ní oṣù karùn-ún 2013, ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé nítòsí Escravos. Èèyàn 12 ló wà nínú ẹ̀. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, lo nǹkan bí ọgọ́ta wákàtí nínú àyè afẹ́fẹ́ kékeré kan, ní bíi mítà 30 sísàlẹ̀, kí àwọn amòòkùn tó wá kó òkú tó bá a níbẹ̀. Òun nìkan ló yè. Wọ́n gbé àṣíborí amòòkùn wọ̀ ọ́, ó mí gba inú ẹ̀, wọ́n sì mú un jáde. Afẹ́fẹ́ tó wọ inú àṣíborí yẹn, fáàfù àti awọ rọ́bà tí ẹnì kan ti wọ̀n kí ọkọ̀ wọn tó gbéra ló bá a débẹ̀. Okene fúnra ẹ̀ padà lọ kọ́ṣẹ́ amòòkùn.

Bí ẹ ò bá sì ní wọ omi láéláé, fáàfù kan náà ló wà lórí sílíńdà ọ́síjìn nílé ìwòsàn, lórí gáàsì ìyá yín, nínú bùútù mọ́tò tó ń lo CNG. Ní oṣù kẹwàá 2024, sílíńdà mọ́tò kan bú ní Benin City níbi tí wọ́n ti ń rọ CNG sí i, èèyàn sì fara pa. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó CNG ní sílíńdà náà kì í ṣe ti CNG, wọ́n ti jó o, wọ́n ti tún un dá. Mo dá a lójú pé ẹni tó jó o mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti fi omi ọṣẹ dán an wò pé kò jò. Ìbéèrè tí kò bi í ni pé ṣé ó lè gba 200 bar, lónìí, lọ́la, nígbà ẹgbẹ̀rún.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Láti Mile 2 títí dé Àgbádárìgì, ojú ọ̀nà kan yìí, lábù físíìsì àti ti ẹnjiníà wà, àwọn bí Bàbá sì kún ibẹ̀. Àwọn lábù ní géèjì, wọ́n ní mànómítà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa títí dìgbà ìdánwò. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù. Kí ẹni tó ń tún régúlétọ̀ ṣe gbé iṣẹ́ ẹ̀ wá, kó so ó mọ́ géèjì fún wákàtí kan, kó wo bóyá abẹ́rẹ́ á dúró. Kì í ṣe pé ká wá kọ́ ọ ní ìwé. Bàbá ti mọ fáàfù ju àwa lọ. Abẹ́rẹ́ tó ń gòkè níbi tó rò pé ó ti dí ló yẹ kó fojú ara ẹ̀ rí, òun fúnra ẹ̀ á sì wá ibi tó ti ń jò.

Tèmi ò ní kan omi. Ó wà lórí tábìlì, mo ti tú u palẹ̀, mo fi ń ṣàlàyé prẹ́ṣọ̀ fún àwọn ọmọ 100 level. Bí ẹ̀yin náà bá rí irú ẹ̀ ní Alábà, ẹ má gbé e sẹ́nu níbẹ̀, torí ẹ ò mọ ẹnu tó ti wọ̀. Ẹ wo sẹ́ẹ́ iwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ mọ àwọ̀ ẹ̀. Ẹ wá iye prẹ́ṣọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀, torí àwọn àtijọ́ mìíràn ò lè gba iye tí sílíńdà òde òní ń gbé. Bẹ́ ẹ bá sì tú u, ẹ má sọ àwọn òrùka rọ́bà tó ti kú nù kẹ́ ẹ tó wọ̀n wọ́n, ibú inú àti ìnípọn. Èyí tó bá ti fẹ̀ tàbí tó ti pẹlẹbẹ, ẹ wọn ihò tó jókòó sí dípò ẹ̀.